Ìwé Ọlọ́jọ́ Méje

Ọkùnrin orí káńtà ò wo ojú mi,
inú mi ló ń wò.
"Màdáámù, oyún yẹn ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó?"
Mo ti wọ bùbá tó fẹ̀ bí àgọ́,
mo ti gbé báàgì mọ́ àyà,
ṣùgbọ́n oyún kò ṣeé fi ọwọ́ bò.
"Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n."
Ó ní kí n lọ gba ìwé wá lọ́wọ́ dókítà,
pé bàálù kì í ṣe yàrá ìgbẹ̀bí.
Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi "sànnu" kún un.

Mo padà sí ìgboro Kánò,
mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù
láàárín àwọn obìnrin tó ń pín dàbínù jẹ.
Dókítà Làdídì wọn ẹ̀jẹ̀ mi:
àádọ́fà lórí àádọ́rin.
Ó wo ẹsẹ̀ mi bóyá ó wú. Kò wú.
Ó tẹ ikùn mi, ó ní orí ọmọ ò tíì wálẹ̀,
ó ṣì ń rìn gbéregbère
bí àlejò tí ò mọ yàrá tí wọ́n fún un.
Ó bi mí bóyá mo ti rí ẹ̀jẹ̀,
bóyá àkọ́bí mi pé oṣù kó tó wáyé.
Ohun tí kò bi mí ni ìdí tí mo fi ń lọ.

Ìyá mi wà ní Ìkìrun, orúnkún ò jẹ́ kó lè wá.
Nígbà àkọ́bí, èmi nìkan ni mo wẹ ọmọ,
ọwọ́ mi ń gbọ̀n,
ọṣẹ kó sí i lójú.
Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ó kọ̀wé. Ìlà kan péré:
ara ìyá le, ara ọmọ le, wọ́n lè wọ bàálù.
Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn, gbà! bí ẹni pa aáyán.
Nísàlẹ̀, ó fi bírò pupa kọ ọ́:
Ọjọ́ méje.

Ọyẹ́ ò mọ̀wé kà.
Lọ́jọ́ kejì, eruku aṣálẹ̀ bo Kánò,
ilé alájà mẹ́ta tó kọjú sí tiwa sọnù,
oòrùn dà bí owó idẹ tó bọ́ sínú omi ògì.
Wọ́n ní bàálù ò lè gbéra.
Ọjọ́ kẹta, bákan náà.
Ọjọ́ kẹrin, a jókòó dalẹ́, wọ́n fún wa ní bisikíìtì.
Ọjọ́ keje kọjá lára mi lórí ibùsùn.
Ṣé ní ọ̀gànjọ́ yẹn ni ìlera mi kan
bíi wàrà?
Ọmọ ń ta mí nípàá,
kò gbọ́ pé òun ti di aláìníwèé.

Dókítà Làdídì ò kọ òmíràn.
Ó tẹ ikùn, ó mi orí.
"Orí ti wálẹ̀. Àlejò ti rí yàrá."
Mo sunkún díẹ̀.
Kò ní kí n má sunkún.

Mo pe ìyá mi.
Mo ṣàlàyé káńtà, òǹtẹ̀, eruku, orí ọmọ.
Ó ní, "Ó dáa." Ó pa fóònù.

Lọ́jọ́ kẹta, aago mẹ́fà àárọ̀,
ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn.
Ìyá mi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin,
eruku ti sọ ìpéǹpéjú rẹ̀ di pupa rúsúrúsú.
Wákàtí mẹ́tàdínlógún nínú bọ́ọ̀sì,
lójú ọ̀nà tí a kì í dárúkọ lálẹ́,
tòun ti orúnkún, tòun ti ẹ̀jẹ̀ ríru,
tòun ti kàn-ìn-kàn-ìn àti ọṣẹ dúdú nínú ike.
Ẹnikẹ́ni ò bi í ní ìwé.
Ẹnikẹ́ni ò wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bóyá ó wú.

Ó wú.

Mo gbé e sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́.
Ó rí ìwé lórí tábìlì, ó ní kí ló wí.
Mo kà á fún un lẹ́ẹ̀mejì.
Ó ní n ò gbọdọ̀ sọ ọ́ nù,
pé inú ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ nǹkan nípa ọmọ yẹn,
pé ara rẹ̀ le ni wọ́n sì kọ.
Ó ká a ní mẹ́rin,
ó tì í sábẹ́ ike ọṣẹ.